Kókó Tí Mo Fi Ṣe Ìwé Ẹ̀rí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fi fóònù sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Lásísì ni mò ń jẹ́, ọmọ Òṣogbo, onígbàjámọ̀. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo fi gé irun, tí mo fi fá orí. Mo fá orí olówó, mo fá orí tálákà, mo sì gé irun fún ẹni tí irun rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ, tó ní kí n ṣe é bíi ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ohun tí ojú mi rí pọ̀, ṣùgbọ́n kókó kékeré kan tó yọ ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di òfo. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Súlè, ní Òkè-Baálẹ̀. Owó tí mo rí nídìí iṣẹ́ náà kò gùn pẹ̀lú: ó tó jẹun, ó tó rán ọmọ nílé ìwé, kò tó fi ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ọ̀gá mi ni kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá Súlè kò gbà kí ọmọṣẹ́ fọwọ́ kan orí èèyàn. Akèrègbè ló gbé fún mi. Ó pa ọṣẹ sí i lórí, ó fi abẹ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Oníbàárà rẹ nìyẹn. Fá a. N kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ohùn abẹ."

Oṣù mẹ́rin ni mo fi fá akèrègbè. Bí abẹ bá dún kẹ̀rẹ̀ báyìí, Bàbá Súlè á mi orí, á ní, "O ti pa á. Lọ kí ẹbí rẹ̀." Ẹbí rẹ̀ ni àwọn akèrègbè yòókù tí ìyàwó rẹ̀ fi kọ́ ara ògiri. Màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, màá ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un." Àwọn tó ń kọjá á dúró wòran. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, mo ti kí ẹbí akèrègbè débi pé mo mọ èyí tó jẹ́ opó nínú wọn.

Nígbà tí mo fi akèrègbè sílẹ̀, kílípà ọlọ́wọ́ ló kàn, èyí tí à ń fún mọ́wọ́ tó ń ké ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Kò tíì sí ti oníná lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Bàbá Súlè á gbé kọ́bọ̀ kan lé ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ mi, á ní kí n máa gé irun lọ. Ìka ló yẹ kó ṣiṣẹ́, ọrùn ọwọ́ kò gbọdọ̀ mì. Bí kọ́bọ̀ bá jábọ́, ìdí òòyà onígi á bá mi níbẹ̀ gan-an, kó! Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," á sì tún gbá mi ní òòyà láìfẹ̀sọ̀.

Ọ̀gá mi yìí ní kókó líle kan ní ìdí àtàǹpàkò rẹ̀, ibi tí èkù abẹ ti ń ha á láti kékeré. Kókó iṣẹ́ ló máa ń pè é. Ó ní onígbàjámọ̀ tí kókó kò bá tíì yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọṣẹ́ ló ṣì jẹ́, ì báà ní ọgbọ̀n dígí ní ìsọ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gba òmìnira, mo ṣí ìsọ̀ tèmi, mo kọ ọ́ sára ògiri pé, "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí." Mo fẹ́ ọmọ Ìbòkun kan, ẹ̀yin ẹ máa pè é ní Ìyá Ṣídí bí gbogbo ayé ṣe ń pè é. Ó ti gbé Òṣogbo títí, ó ti ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa, àmọ́ bí inú bá bí i, Ìjẹ̀ṣà ló ń jáde. Ilé á di ulé, iná á sì di uná. Àwọn irinṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Kílípà oníná dé, jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ lé e, abẹ tí à ń pọ́n lára awọ di bíléèdì tí à ń lò fún ẹnì kan ṣoṣo tí à ń sọ nù, ìyẹn sì dára. Ohun kan tí kò yí padà ni abẹ Bàbá Súlè. Nígbà tí bàbá náà kú, èmi ni mo jogún rẹ̀. Òun la fi ń fá irun ìkókó gbogbo ọmọ ilé wa lọ́jọ́ kẹjọ, a máa ń sè é nínú omi gbígbóná kó tó kan ọmọ, onígbàjámọ̀ tó dàgbà jù ló sì máa ń fá a. Mo fá ti ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wá ń retí ọmọ ọmọ.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí mo rí kókó náà. Inú ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló wà, lápá ibi àtẹ́lẹwọ́, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Bí mo bá tì í sọ́tùn-ún, á lọ. Bí mo bá tì í sósì, á lọ. Ṣùgbọ́n kì í lọ sókè, kì í sì í lọ sódò. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn. Mo ní òòyà Bàbá Súlè ti hù. Mo ní kí Ìyá Ṣídí dín àkàrà, a sì pín in fún àwọn ọmọ ilé kéwú, pé èmi náà ti di ọ̀gá pátápátá. Láti ọjọ́ yẹn, bí oníbàárà tuntun bá dé, màá ká apá aṣọ sókè, màá ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án. Ìwé ẹ̀rí mi nìyẹn." Wọ́n á sì fọwọ́ kàn án tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ó tó ọdún mélòó kan kí ìka mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni. Wọ́n á máa jẹ mí bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn, lẹ́yìn náà n kò ní mọ̀ pé wọ́n wà. Ọmọńdinrín, tí kò wúlò fún nǹkan kan nínú iṣẹ́ gbàjámọ̀, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó tún wá kan pé bí mo bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan á gbé mi jìgì láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Mo ní kílípà oníná ni, pé iná ń jò. Mo pe ọkùnrin rewáyà tó ń bá wa tún iná ṣe. Ó tú ògiri, ó yí wáyà padà. Iná gbé mi. Ó yí sọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Iná gbé mi. Ó ní kí n máa wọ bàtà rọ́bà kí n sì dúró lórí pákó, mo wá ń gé irun lórí pákó bí ẹni tó fẹ́ wàásù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń gé irun ọ̀gbẹ́ni kan, mo fi ọrùn ọwọ́ gbá ara àga. Mo fò sókè. "Iná yìí tún ti gbé mi o!"

Ìyá Ṣídí gbé oúnjẹ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Uná kẹ̀? Uná wo, Bàbá Ṣídí? Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti mú uná lọ. Kí lẹ mú lọ́wọ́ yẹn?"

Mo wo ọwọ́ mi. Àlùmọ́gàjí ni, èyí tí à ń fi ọwọ́ lásán gé. Oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ tí mo ta bò ó, gbogbo irun ara aṣọ sì ń gbọ̀n dànù. Rewáyà tó kọjá lọ́jọ́ kejì, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Mo lọ rí dókítà kan nítòsí wa. Ó ní ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń rí irú rẹ̀, pé iṣan kan ló há ní ọrùn ọwọ́. Ó fún mi ní ìdè ọwọ́ tó ní irin pẹlẹbẹ nínú, ó ní kí n máa wọ̀ ọ́ sùn, kí n padà wá bí kò bá rọlẹ̀. Ó béèrè bóyá nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́ fi hàn án. Mo ní kò sí. Ta ní í gbé ìwé ẹ̀rí lọ han dókítà? Kò sì rọlẹ̀, n kò sì padà lọ.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kì í gba ibẹ̀ lọ. Mo rò pé bí ọwọ́ yìí bá máa dójú tì mí, ara ẹni kékeré kan ni. Ara Àfáà Múká ló ti ṣẹlẹ̀. Àfáà yìí ni àfáà àdúgbò wa, irùngbọ̀n rẹ̀ sì gùn dé àyà. Ó ń fi làálì pa á, ó ń fi òróró ra á. Ó wá bá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan pé kí n bá òun tọ́ etí irùngbọ̀n náà kí òun tó lọ wàásù níbi yìgì. Mo fi ike tí kì í jẹ́ kó wọlé jù sí ẹnu kílípà. Ike náà bọ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ pé á ti mọ̀. Èmi kò mọ̀. Mo gbé kílípà gba abẹ́ etí ọ̀tún, mo fà á wálẹ̀, ó di àgbọ̀n.

Ohun kan bọ́ sórí itan Àfáà bí ológbò. Kò ṣí ojú. Ó ní, "Lásísì, kí ló bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Àfáà, ohun tí Ọlọ́run fẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀."

Ó la ojú, ó wo dígí. Ó ní, "Ọlọ́run kọ́, Lásísì. Ọwọ́ rẹ ni."

Ó fi láwàní wé àgbọ̀n lọ wàásù. Àwọn èèyàn rò pé eyín ló ń dùn ún, wọ́n bá a gbé oríṣiríṣi àgbo wá, ó sì ń gbà á nítorí kò fẹ́ ṣàlàyé. Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ó bá kí mi, ọwọ́ òsì rẹ̀ á lọ dáàbò bo irùngbọ̀n tó kù.

Ọmọbìnrin mi àgbà, Ṣídí, tó jẹ́ olùkọ́ ní Òṣú, gbọ́. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ti lé ní oṣù mẹ́rin nígbà náà. Ó wá sílé, ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì dìde. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Irùngbọ̀n Àfáà máa hù padà. Àwùjẹ ọmọ mi ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbé ìkókó rí, àwùjẹ ni ibi rírọ̀ tó ń lù kìkì ní àárín orí ọmọ tuntun. Egungun kò tíì pàdé níbẹ̀. Mo bínú, mo ní ṣé èmi lo ń bá wí, èmi tí mo fá tìrẹ. Mo jáde kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, nítorí pé òótọ́ ni. Bí n kò bá lè mọ̀ pé ike bọ́, báwo ni màá ṣe mọ ibi tí àwùjẹ wà?

Ìyá Ṣídí kò bá mi jiyàn. Ó kàn kó aṣọ mi sínú àpò, ó ní à ń lọ sí Iléṣà. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló mú mi lọ, dókítà obìnrin kan ló sì rí wa, ọmọdébìnrin tí mo lè bí. Ó tú ìdè ọwọ́ mi, ó sì tẹjú mọ́ kókó náà.

"Bàbá, kí nìyí?"

"Ìwé ẹ̀rí mi ni."

"Ìwé ẹ̀rí kí ni, Bàbá?"

Mo gbé e láti orí akèrègbè, mo sọ ti kọ́bọ̀, mo sọ ti òòyà, mo dé orí àkàrà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ wò," ó sì fi orí ìka lu kókó náà pẹ́. Iná tó gbé mi lọ́jọ́ yẹn, ó dé ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Ṣídí ní, "Uná yẹn rèé."

Wọ́n ya àwòrán inú ọwọ́ mi. Dókítà wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní ọ̀nà tóóró kan wà ní ọrùn ọwọ́ gbogbo wa tí ó ní òrùlé. Okùn tó ń fa ìka ń gba ibẹ̀, iṣan tó ń jẹ́ kí àtàǹpàkò àti àwọn ìka tó tẹ̀ lé e mọ nǹkan lára ń gba ibẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀nà náà ló máa ń fún, iṣẹ́ ọwọ́ sì máa ń wà lára ohun tó ń fà á. "Ṣùgbọ́n tiyín yàtọ̀, Bàbá. Àlejò ló wọlé. Kókó ló hù lára aṣọ tó bo iṣan náà fúnra rẹ̀, ó sì gba àyè mọ́ ọn lára. Kì í wọ́pọ̀ rárá. Ó jọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tí a bá yọ ọ́ tán."

Mo ní, "Ṣé òòyà ọ̀gá mi ló fà á?"

"Rárá, Bàbá. Ọ̀gá yín kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Iṣẹ́ yín náà kò mọ̀ nípa rẹ̀."

Ẹ ò mọ bó ṣe rí lára mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé kókó káàkiri, kì í tilẹ̀ í ṣe kókó iṣẹ́. Àlejò lásán ni mo dín àkàrà fún.

Ó tún sọ òótọ́ tó kù. Ó ní wọ́n lè bó o kúrò lára iṣan bí ẹni bó ẹ̀pà kúrò nínú èèpo, àmọ́ inú iṣan ni iṣẹ́ náà, ó lè fara pa, ìka sì lè má padà bọ̀ sípò tán. Mo ní bí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́? Ó fi ìdí àtàǹpàkò mi hàn mí, ẹran ibẹ̀ ti ń rù. Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí ohùn Ṣídí lórí ìkúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣe é.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan wá fá irun apá mi. Mo fẹ́ dákẹ́, n kò lè dákẹ́. Mo ní, "Ọmọ mi, o ń gba ẹ̀yìn irun lọ. Na awọ ara pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Má tẹ̀ ẹ́." Ó ní kí n fá a fúnra mi. Ìka mi kò lè mú bíléèdì. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Apá nìkan ni wọ́n pa lóorun, ojú mi là sílẹ̀ kedere, wọ́n sì fi aṣọ dínà kí n má baà wò ó. Mo tẹ́tí. Mo tẹ́tí títí. N kò gbọ́ ohùn abẹ. Ọkàn mi wá balẹ̀, mo ní ẹni tó kọ́ ọmọbìnrin yìí níṣẹ́, ó ti fún un ní akèrègbè fá.

Wọ́n fi kókó náà hàn wá nínú ìgò, ó pọ́n rúsúrúsú. Ìyá Ṣídí gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Èyí ni mo rẹ ẹ̀wà, mo bó ẹ̀wà, mo lọ ẹ̀wà fún." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èsì dé pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn, bí kókó bá yọ lára yín tàbí tí ọwọ́ yín ń kú, ẹ tètè fi han ẹni tó mọ̀, kí ẹ fi ẹ̀wà yín sílẹ̀.

Iná kò gbé mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìka kò tètè jí. Nígbà tí ojú egbò jinná, mo ra akèrègbè. Mo pa ọṣẹ sí i lórí, èmi bàbá arúgbó, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹnikẹ́ni, mo bá kí ẹbí rẹ̀. Ìyá Ṣídí ń gbọ́ mi láti ilé ìdáná. Oṣù kan, oṣù méjì, mò ń kí wọn. Nígbà tó yá, ikú ń dín kù.

Ṣídí bí ọkùnrin. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n kó ara wọn wá sílé wa. Àfáà Múká sọ ọmọ lórúkọ, ó wá gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì di irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti hù dé ìdajì mú. Abẹ Bàbá Súlè wà nínú àwo omi gbígbóná. Mo mọ̀ pé Ṣídí kò ní kọ̀ fún mi níwájú èèyàn, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí n fi ìyẹn rẹ́ ẹ jẹ.

Mo ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, Kàmọ́rù tí mo kọ́ níṣẹ́ á fá a." Mo di ojú, mo gbé ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orí ọmọ náà. Irun rẹ̀ fẹ́lẹ́. Mo rọra wá a kiri. Nígbà náà ni ó lù mí níka, kìkì, kìkì, kìkì. Àwùjẹ ni. Ìka ìfábẹ̀lá gbọ́ ọ, ìka àárín gbọ́ ọ. Àtàǹpàkò pẹ́ díẹ̀, òun náà gbọ́ ọ. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣídí fúnra rẹ̀ ló yọ abẹ nínú omi, ó nù ún, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Gbogbo ilé tẹ́tí. Mo fá a láti iwájú dé ìpàkọ́, mo yí àwùjẹ ká, ọmọ náà kò jí lójú oorun. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn abẹ.

Àfáà Múká ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó yọ ọwọ́ kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Lásísì, mò ń bọ̀ ní ìsọ̀ lọ́la."

Mo fọ abẹ, mo nù ún gbẹ, mo gbé e fún Kàmọ́rù. Mo ní, "Àfáà, Kàmọ́rù ni kẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ o. Orí yìí ni mo fi parí."